Ohùn Gbádé Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọdún mẹ́ta ni Gbádé ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Pólándì, àmọ́ gbogbo ará ilé wọn ní Mushin ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a gboyè. Fóònù ò sí nílé, èyí tí ìjọba ṣèlérí ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí Gbádé fi ránṣẹ́ ni ìyá rẹ̀, aránṣọ, ń gbé sí rédíò láràárọ̀, débi pé àkùkọ àdúgbò fi iṣẹ́ jíjí ènìyàn sílẹ̀ fún Gbádé.

"Ẹ káàárọ̀, màámi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí mo bá bi wọ́n níbi tó ń dùn wọ́n, wọ́n á máa wò mí bí ẹni ń wo òyìnbó. Màámi, kò sẹ́ni tó ń kì mí níbí. Ẹ kì mí, kí ẹ fi ránṣẹ́."

"Màmá dókítà!" Tìrìmísíyù oníbátìrì á pariwo láti yàrá kejì. "Ẹ jẹ́ á sùn jàre! Èmi náà ti lè ṣiṣẹ́ abẹ báyìí o!"

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Habeeb, tí òun àti Gbádé jọ ń kàwé lọ́hùn-ún, yà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú ń fọn fèrè níta.

"Màmá, ẹ ò rán mi níṣẹ́ sí Gbádé ni?"

Ìyá Gbádé ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ bọ́tìnì pupa tí rédíò fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Àlàó ọmọ rẹ̀. Ó kì í láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Mushin, ó ki eyín rẹ̀, ó ki àpá ẹsẹ̀ rẹ̀. Omijé tó dà tó láti fọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Nígbà tó parí, ó ní kí òun gbọ́ bóyá ó wọlé, ó tún rédíò tẹ̀.

"…Ó dàbọ̀ o, màámi."

Ohùn Gbádé! Ìyá gbáyà mú. "Yéè! Mo ti pa ohùn ọmọ mi rẹ́!"

Habeeb nawọ́ gba kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá fà á mọ́ àyà.

"Màmá, ṣé kí n fi sílẹ̀ fún yín?"

Ìyá wo kásẹ́ẹ̀tì náà. "Ó dàbọ̀" kan péré ló kù nínú rẹ̀ fún un.

"Mú un lọ. Òun ló bẹ̀ mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó ti rédíò, kò ní nǹkan tó máa gbé sí i. Ilé pa lọ́lọ́. Ni Tìrìmísíyù bá yọrí lójú fèrèsé, ó húkọ́ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, màámi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì…"

Kò fo ọ̀rọ̀ kan.