Òórùn Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

“Ẹ̀gbọ́n, èyí ló ń rùn,” ni mẹkáníìkì mi ní Gbégamey wí. Ó yọ asẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ mi, tó ti dúdú tó sì tutù. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti aṣọ tí kò rí oòrùn. Ojú mi kún fún omi.

Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ṣì wà lọ́mọdé. A ti ilé ìwòsàn gba ọ̀nà etí òkun lọ sí Ekpè, ilé ìyá àgbà. Màmá mi sùn sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, orí wọn wà lórí itan mi. Bàbá ti gbogbo fèrèsé pa, wọ́n sì tan ẹ̀rọ amúlétutù dé òpin.

“Bàbá, ẹ̀rọ yìí ń rùn. Ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé.”

“Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ooru ò gbọdọ̀ mú màmá rẹ.”

“Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti tutù jù.”

Bàbá fi apá aṣọ nu ojú wọn. Mo fa ìborùn bo màmá mi lọ́wọ́.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé bàbá mi ò fẹ́ kí àjèjì gbé òkú ìyàwó wọn délé.

Nígbà tí a dé Ekpè, ìyá àgbà sáré jáde, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn.

“Ìyá àgbà, ẹ rọra,” ni mo wí. “Wọ́n ń sùn.”