Orí Rélùwéè Tí A Gé ní Owódé Onírin

Mo rántí ìgbà tí wọ́n fi tírélà gbé orí rélùwéè kan wọ Owódé Onírin, ọ̀kan nínú àwọn kúkúrú tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ṣe fún ojú irin tóóró. Ó ti dípẹtà débi pé ẹyẹ ti yé ẹyin síbi tí awakọ̀ ń jókòó. Iná gáàsì ni mo fi ń gé irin nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí irin tó lè ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Òfin kan wà ní ọgbà wa tí a ti ń tú irin àlòkù: ẹni tó bá kọ́kọ́ fi iná kan irin ló ni kọ́pà inú rẹ̀, èyí tó lówó lórí jù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ wá láti Ìsẹ́yìn, tí a jọ ń sùn sórí ẹní kan ní Kétu, kò lè wo ojú ara wa láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí kọ́pà yẹn. Bàbá kan tó ti wa rélùwéè rí ló wá júwe bí a ó ṣe tú u. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi iná kan táǹkì epo rẹ̀ àfi tí omi bá kún un dẹ́nu, torí èéfín dísẹ́ẹ̀lì tó kù níbẹ̀ lè bú. Ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀gá wa bá jáde lọ pe mẹ́rúwà tó ń ti omi kiri.

N kò lè dúró. Bí mo ṣe gbé iná, ọ̀rẹ́ mi dì mí lápá mú.

“Guy, dúró jàre. Omi ò tíì dé.”

Mo rò pé ó fẹ́ ṣáájú mi ni. Mo fi sípánà gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì já. Òun náà fi orí kàn mí nímú, ẹ̀jẹ̀ bò wá. Mo gbá a lórúnkún, ó ṣubú síwájú táǹkì. Mo lọ sẹ́yìn táyà irin rélùwéè náà, mo ṣáná, mo fi kan etí táǹkì tó sún mọ́ mi jù. Kó tó lè dìde, táǹkì bú. Táyà gba iná tèmi dúró, ojú ọ̀rẹ́ mi ni iná gbà kọjá. Ó ń fọwọ́ wá ojú ara rẹ̀ kiri, ó ń ké pè mí pé kí n wá gba òun.

Géètì irin ni mo ń ṣe ní Kétu báyìí. Èmi ni mo ń fa ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Kò bú mi rí, ì bá sàn fún mi kó bú mi. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ tí mo ṣáná, á bi mí pé, “Ṣé o ti da omi sí i?”

Kò sí táǹkì lára géètì. Mo máa ń sọ fún un pé mo ti dà á.