Ìlẹ̀kùn Tí Baba Oníkọ́kọ́rọ́ Kò Tì

Kò sí ẹni tó ń gbé àdúgbò náà tí kò mọ Baba Oníkọ́kọ́rọ́. Bí àgádágodo rẹ bá há, bí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ bá sọnù, òun lo máa sáré lọ bá nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ ká sọ òótọ́, ó ní ìwà kan tó lè sú onísùúrù: kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ó nídìí. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ máa ń gé kọ́kọ́rọ́ méjì fún oníbàárà tó ní kí wọ́n gé ẹyọ kan, èkejì a sì wọ àpò ọ̀gá. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá wá mú ọ̀gá lọ ni Baba ti pinnu pé ẹni tó bá bá ọ ṣe kọ́kọ́rọ́, tirẹ̀ náà wà nílé. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ojú ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Aránṣọ ni obìnrin náà, ó sì ti dé ibi pé aládùúgbò ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn ní àwọn yóò ṣí awọ funfun tó bo ẹyin ojú rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń fún ènìyàn ní ọjọ́. Ẹni tí kò bá sì dáhùn lásìkò, wọn a gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Tọkọtaya náà kò ní kọ̀ǹpútà, fóònù wọn kò sì wúlò ju kí wọ́n fi kí ènìyàn lọ. Bí Baba ṣe di èrò ilé ìkàwé ìjọba nìyẹn, níbi tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ta ló ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́?" ló bi ìyàwó rẹ̀. "Kí ni wọ́n máa gbà padà?"

Obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, Onígíláàsì ni Baba sọ ọ́, nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn. Ohùn rẹ̀ tutù, ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú Baba, ẹ̀rí nìyẹn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Obìnrin náà bá a ṣí àpótí ímeèlì, ó fi ibi tó máa tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ sí hàn án, ó sì yí ojú sí ògiri.

"Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán, Bàbá? Ó ku bí ẹ ṣe máa jáde."

"Ṣé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ilé?" ni Baba dá a lóhùn. "Ìwọ ṣáà sún sẹ́yìn. Sún dé ẹnu ọ̀nà."

Obìnrin náà sún. Baba wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ bọ́tìnnì abẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, ojú náà ṣókùnkùn. Ó ti tì í nìyẹn, lérò tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá padà wá, ojú ìwé tó fi sílẹ̀ kọ́ ló máa ń bá. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń na òwú fínfín sẹ́nu dúrọ́ọ̀, kó lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ṣí i. Ó dẹ irú pàkúté bẹ́ẹ̀ fún Onígíláàsì: ó fi lẹ́tà tí ilé ìwòsàn fi ní àwọn ti gba orúkọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó pa iná rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà ti kúrò níbẹ̀. Òwú ti já. Ẹnìkan ti wọlé.

"Ìfura loògùn àgbà," ló ń sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé, kò sì gbẹ́sẹ̀ débẹ̀ mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í, a ní wọn ò tíì dáhùn. Oògùn tó bá pọ̀ jù, ẹni tó lò ó ló ń ṣe ní jàǹbá.

Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ọrùn. Oníbàárà náà já aṣọ rẹ̀ gbà, ó lọ. Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń sunkún. Kò sí ẹni tó rán Baba níṣẹ́ kó tó gba ilé ìkàwé lọ.

Lẹ́tà tuntun wà nínú àpótí ímeèlì. Wọ́n ti fún wọn ní ọjọ́, wọ́n ní kí wọ́n dáhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ti kọjá. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀: wọ́n ti gbé àyè náà fún ẹlòmíràn, kí aláìsàn lọ tún orúkọ fi sílẹ̀.

"Ìwọ tí o ní kọ́kọ́rọ́ àpótí mi," ló wí fún Onígíláàsì, "o rí i, o ò sọ fún mi."

"Bàbá, mi ò ní kọ́kọ́rọ́ yín. Bọ́tìnnì tí ẹ máa ń tẹ̀ yẹn, iná ló ń pa, kì í ti nǹkan kan. Gbayawu ni ẹ máa ń fi àpótí yín sílẹ̀ fún ẹni tó bá jókòó tẹ̀ lé yín. Èmi ni mo máa ń bá yín tì í. Mo fẹ́ fi hàn yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní kí n sún dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbàkígbà tí mo bá tún sún mọ́ yín, ẹ máa ń fọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà."

"O ò ka nǹkan kan?"

"Ká ní mo kà á, kí lẹ ò bá pè mí?"

Baba mọ orúkọ tí òun ì bá pè é. Ó wá ku kó máa bínú pé obìnrin náà kì í ṣe olè.

Nígbà tó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà kò pariwo.

"Ojú ta ni wọ́n fẹ́ ṣe?" ló bi í.

"Ojú tìrẹ ni."

"Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

Baba wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ fura sí Onígíláàsì, mo gbọ́. Èmi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ fi ti ọ̀rọ̀ ojú mi pa, ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Baba lákínyẹmí ara. Ojú tì í gidigidi.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì dé ilé ìkàwé láti tún orúkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Onígíláàsì sọ àwọn lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà di ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó àtàǹpàkò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn máa ń ṣe é fún ẹni tójú ń yọ lẹ́nu. Aránṣọ fi ojú tó sàn díẹ̀ wò ó, ó sì rí i kà. Ó ní àpótí tòun lòun fẹ́, kí ilé ìwòsàn máa kọ̀wé sí òun fúnra òun. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ àṣírí, Baba tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ na ọrùn. Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Bàbá wọn, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ sún dé ẹnu ọ̀nà."

Baba wo Onígíláàsì. Ìyẹn ti yí ojú sí ògiri. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró níbi tóun náà lé ènìyàn lọ dúró sí, ó sì ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń tẹ lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.