Ẹlẹ́nu Dídùn àti Àwòrán Ọṣẹ

Ẹ wá wo nǹkan! Iṣẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu Dídùn ò ju kó máa gbé àwòrán ọjà tí iléeṣẹ́ ò tíì ṣe kiri ojúlé, kó ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó panu mọ́, kó sì gbọ́ ohun tí onílé bá sọ. Kó panu mọ́ yìí gan-an ni ò ṣeé ṣe.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọṣẹ ìfọṣọ tí a ò ní í fi omi ṣàn kúrò lára aṣọ ni. Ọ̀gá ti ní bí ọṣẹ náà bá tà, Ẹlẹ́nu Dídùn ni yóò di olórí gbogbo àwọn tó ń gbé àwòrán kiri. Họ́wù! Ìdí rẹ̀ ò gbélẹ̀ mọ́. Ó wọ ilé ìyá aránṣọ kan, ó kúnlẹ̀, ó yọ àwòrán aṣọ funfun báláú.

"Màmá mi, ẹ wo nǹkan tí èmi ọmọ yín gbé wá! Ẹ̀yìn yín ò ní í dùn yín mọ́. Àbí kò dáa?"

"Ó dáa, ọmọ mi. Ó dáa gan-an."

Kí ni kí ìyá wí? Ta ló ń wojú ìyá ọmọ kó ní ọmọ rẹ̀ burẹ́wà?

Afajúro, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, kì í rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Yóò kà á tán, yóò dákẹ́ bí ògiri. Àwọn èèyàn sì ń sọ tinú wọn fún un: "Ọṣẹ ò ní kúrò lára aṣọ? Ká wá máa họ ara kiri?" Ọ̀gá gbọ́, ó yínmú, ó ní ojú Afajúro ló ń ba ọjà jẹ́. Ọ̀gá ọlọ́gbọ́n!

Wọ́n ṣe ọṣẹ. Ó kún ilé ìkẹ́rùsí dé àjà, eku gan-an ò yà á wò. Ọ̀gá rán Ẹlẹ́nu Dídùn padà kó lọ béèrè ohun tó dé.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ó dáa!"

"Ìwọ ni mo ń yẹ́ sí, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé òun lo fi fọ aṣọ ọrùn rẹ yìí?"

Ọṣẹ àtijọ́ ló fi fọ̀ ọ́, ó sì fi omi ṣàn án dáadáa. Ojú tì í, ó sì tọ́ sí i.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, Afajúro ni wọ́n fi ṣe olórí. Lọ́jọ́ tó jókòó sórí àga, ó pe Ẹlẹ́nu Dídùn wọlé, ó na àwòrán ọjà tuntun sí i: ìgbálẹ̀ tó ní iná lórí. Ó ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó panu mọ́, ó ń wò ó.

Ẹlẹ́nu Dídùn wo ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ oníná, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ó wo àga. Ó wo ojú ẹni tó jókòó lórí rẹ̀.

"Ó dáa, ọ̀gá mi," ló wí. "Ó dáa gan-an."