Ohùn Tó Ń Pàṣẹ Lẹ́yìn Ìlà Wa

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà, mi ò sùn, mi ò lálàá, ara mi sì dá ṣáká. Ìrun Alásárì la ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán, oòrùn Jẹ́dà ṣì ń mú hanhan lórí páànù. Mo ń sọ èyí ṣáájú torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní òòyì ló kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná.

Al-Hindawiyah, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, ni wọ́n bí mi sí. Hájì ni màmá mi, Àlàájà, tìtorí rẹ̀ kúrò ní Ìwó, ibí ló sì ti pàdé bàbá mi tó ti gba jinsíyà, ìyẹn ìwé ọmọ onílùú. Yorùbá là ń sọ nílé. Tá a bá ti jáde, ó di Lárúbáwá.

Iléeṣẹ́ aláàbò kan ló gbà wá, obìnrin mẹ́rìnlélógún, pé ká wá máa ṣọ́ ọ̀nà àwọn obìnrin lásìkò hájì. Kádẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè wá. Kí wọ́n tó fún wa níṣẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́ yíyan bíi ti ológun, ká sì yan níwájú àwọn ọ̀gá ní Mẹ́kà lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ẹni tó bá ṣe é tí kò dára lọ́jọ́ yẹn, ilé ló ń lọ.

Gbọ̀ngàn kan tó ti jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí rí ní Karantina, àdúgbò mìíràn ní Jẹ́dà, la ti ń kọ́ ọ. Torí pé mo ga, ìparí ìlà ẹ̀yìn lápá òsì ni wọ́n fi mí sí. Háwáù, ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Karantina níbẹ̀, ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Lẹ́yìn mi, ògiri ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá tó ń kọ́ wa, Ustasa Nuha, ní ká dijú, ká máa fi etí nìkan tẹ̀ lé àṣẹ. Ó ní ká dúró ṣánṣán. Gbogbo wa dúró. Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn etí mi, ní Yorùbá:

"Gbé àgbọ̀n rẹ sókè."

Mo ti gbé e sókè kí n tó ronú. Ẹ gbà mí gbọ́, nínú gbogbo wa níbẹ̀, èmi nìkan ló gbọ́ Yorùbá.

Mo kọ́kọ́ fura sí Háwáù. Àwọn Yorùbá wà ní Karantina, ó lè ti kọ́ díẹ̀ lẹ́nu wọn. Mo dán an wò: mo sọ fún un ní Yorùbá pé alángbá wà lára híjáàbù rẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo tún fura pé ẹnì kan fi fóònù pamọ́ sẹ́yìn mi. Mo fọwọ́ wá ara ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀. Símẹ́ǹtì lásán ni. Ṣùgbọ́n ó tutù, nínú ooru yẹn.

Ohùn náà ò dẹ́kun. Lónìí, á ní apá mi tẹ̀. Lọ́la, á ní ẹsẹ̀ òsì ló kàn. Kò sì ṣì mí lọ́nà rí. Kò pẹ́ tí Ustasa fi ń pè mí síwájú pé kí àwọn yòókù wò mí. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, mo dá a lóhùn. Mo ní, "Mo gbọ́."

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ̀rù wá bà mí. Mo lọ sọ fún Ustasa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ògiri yẹn pẹ́, kó tó bi mí jẹ́jẹ́:

"Ṣé o dá a lóhùn?"

Mo purọ́, mo ní rárá. Ó ní kí n padà sáyè mi. Láti ọjọ́ náà, kò wọnú gbọ̀ngàn mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń pàṣẹ. Kí ló mọ̀? Títí di òní, mi ò lè sọ.

Mo sọ fún Àlàájà, ó ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mi ò gbà. Látìgbà tí mo ti jáde iléèwé ni mo ti ń wá iṣẹ́, ṣé ohùn tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni màá wá torí ẹ̀ sá?

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Gbàgede kan ni, ní Mẹ́kà. Àwọn ọ̀gá jókòó lábẹ́ àgọ́, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá kan sórí irin gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tá a máa gbà kọjá. Ògiri kankan ò sí lẹ́yìn mi. Mo rò pé a ti fi ohùn náà sílẹ̀ sí Jẹ́dà.

A ń yan bọ̀, ẹsẹ̀ wa ń dún bí ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí n dé abẹ́ irin náà.

"Dúró."

Mo dúró. Háwáù bọ́ síwájú mi, sáyè tó yẹ kí n wà. Irin náà wó, ẹ̀rọ orí rẹ̀ sì já lé e lẹ́sẹ̀. Atẹ́gùn kankan ò fẹ́. Kò sẹ́ni tó fara kan irin náà.

Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kì í ṣe èmi, ojú sì tì mí lẹ́yìn náà. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, torí wọ́n rò pé mo rí i pé irin náà fẹ́ wó ni mo fi dúró.

Oṣù kan kọjá kí n tó lè lọ kí i. Inú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ni mo bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí tìmùtìmù. Mo sunkún, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ó fà mí mọ́ra kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

"Èmi náà gbọ́ ọ," ó wí, "ní Hausa. Ó ní kí n bọ́ sápá òsì."

Mi ò gbọ́ ohùn náà mọ́ látìgbà yẹn. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú, torí mi ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, bí ẹni tẹ́ ò rí bá ń tọ́ yín sọ́nà, kódà bó bá ń sọ òótọ́ fún yín lójoojúmọ́, ẹ má yára dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń sọ fún ẹni tó dúró tì yín.