Ìdí Agbálùmọ̀ Wà?

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ṣóbọ̀wálé wọkọ̀ kọjá ilé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, Mùtíù kọ́ńdọ́ rò pé oorun ló gbé wọn lọ. Ìkòtún ni bàbá ti wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n la Ìgándò kọjá, Mùtíù kígbe bóyá ẹnìkan fẹ́ sọ̀, "Ilé-epo wà?" Bàbá ń wo ìta lójú fèrèsé. Ọkọ̀ kọjá.

Ní Ìyànà-Ìbá, gbogbo èrò sọ̀ tán, bàbá ṣì jókòó.

"Bàbá, ibi tí ọ̀nà parí sí rèé o. Ṣebí Ilé-epo lẹ̀ ń gbé?"

"Ìdí Agbálùmọ̀ ni mò ń gbé. O ò tíì pè é."

Bàbá bá ọkọ̀ padà. Bí wọ́n ṣe tún dé Ilé-epo, Mọ̀dínátù, ìyàwó wọn, ń gbálẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó tajú kán rí wọn lójú fèrèsé.

"Bàbá Rídwàn! Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Bàbá juwọ́ sí i. "Ilé," ni wọ́n wí, ọkọ̀ sì gbé wọn kọjá.

Nígbà tí wọ́n ń ti Ìkòtún bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Ìyá Iyìolúwa, aláṣọ funfun kan tó jókòó lẹ́yìn, gbọ́ àríyànjiyàn bàbá àti Mùtíù lórí orúkọ náà títí ó fi sú u. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tètè dé ìsọjí jàre. Ìdí Agbálùmọ̀ wà o!"

"Ó wà!" ni bàbá dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ọ̀pá ṣáájú, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Mùtíù fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, ó ké sí dírébà bí ẹni pé abiyamọ ló ń sọ̀: "Dírébà, rọra o! Ó lóyún, ó pọnmọ!"

Kò kúkú sí agbálùmọ̀ níbẹ̀ mọ́. Abẹ́ igi náà ni bàbá tó bí wọn ti máa ń dúró de ọkọ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ eruku lásán. Wọ́n gé e nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà, ilé epo sì hù sí ipò rẹ̀. Ohun tó ń ba bàbá lẹ́rù ni pé bí orúkọ náà bá tún lọ, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé igi kankan wà níbẹ̀ rí.

"Bàbá, wọ́n ti gégi yẹn," Mùtíù a wí.

"Wọ́n gégi. Ta ló gé orúkọ? Ìdí-Máńgòrò tí ẹ ń pè lójoojúmọ́, o ti ká máńgòrò níbẹ̀ rí?"

Nígbà ọ̀dọ́ wọn, bàbá wà lára àwọn tó se ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ dà sí ọ̀nà náà, nítorí náà wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú wọn. Bí táyà bá jìn sí kòtò, wọn a ní, "Apá ibi tí èmi ṣe kọ́ nìyẹn."

Wọ́n tún mọ ìdí tí ọ̀nà fi wọ́. "Ọdẹ kan ló ń lé òyà láti Ìkòtún. Ibi tí òyà yà sí ni ọdẹ yà sí. Ipasẹ̀ ọdẹ di ọ̀nà oko, ìjọba da ọ̀dà lé e. Òyà ni gbogbo yín ń lé láti àárọ̀!"

"Ẹtu lẹ pè é lánàá, bàbá."

"Ó gbéra bí òyà, ó di ẹtu ní kọ́nà. Ọ̀nà jìn."

Síbẹ̀, Mùtíù kò pe Ìdí Agbálùmọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn èrò ló ń bá bàbá pè é. Òun ní tirẹ̀, ìbínú bàbá ló ń mú ọ̀nà dùn fún un, kò sì fẹ́ kó tán.

Bàbá Ṣóbọ̀wálé papòdà lásìkò tí agbálùmọ̀ kún ìgboro. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin wọ́n, ọkọ̀ Mùtíù tún la Ìgándò kọjá. Ó lanu láti pe Ilé-epo, ó sì pa á dé. Ó wúkọ́.

"Ìdí Agbálùmọ̀ wà?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀. Mùtíù fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Ó wà."

Dírébà dúró, ó wẹ̀yìn títí. "Mùtíù, ta ló ń sọ̀? Mi ò rẹ́nì kankan o."

Mùtíù ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ kan ara ọkọ̀ jẹ́jẹ́.

"Rọra, dírébà. Ó lóyún, ó pọnmọ."