Nọ́ọ̀tì Olórùka Funfun Ara Ẹ̀rọ Ìlọta Màmá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ogun kò tíì dé Monrovia, ariwo ẹ̀rọ ìlọta màmá mi ló máa ń jí àdúgbò wa ní Duport Road. Ẹnjiníà ni bàbá mi, ó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ àwọn ọ́fíìsì ní Congo Town, òun ló sì ra ẹ̀rọ náà fún màmá mi. Ata, ẹ̀pà àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn obìnrin máa ń gbé wá síbẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí kò kéré o, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì, irin kékeré tí a ń wé mọ́ ìdí bóòtù, ló fà á.

Àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ yìí máa ń tú ṣáá. Màmá mi á dè wọ́n le lówùúrọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti dẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára bàbá àgbà kan, ọmọ Liberia, tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa, tó sì ń tún bàtà ṣe níbẹ̀. Bàbá yìí ti sọ nígbà kan pé ariwo wa ń fọ́ òun lórí. Ó sì ní ẹ̀mú tí ó fi ń fa ìṣó. Ìyẹn ti tó fún màmá mi láti gbà pé òun ló ń tú nọ́ọ̀tì wa. Bí bàbá náà bá kọjá, a ó wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, a ó máa rò ó pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Èmi gan-an máa ń yọjú lójú fèrèsé, bóyá mo lè ká a mọ́ ibẹ̀.

Bàbá mi wá mú irú nọ́ọ̀tì mìíràn bọ̀, òrùka rọ́bà funfun wà nínú ẹnu rẹ̀. Ó ní òrùka yẹn á fún bóòtù mọ́ra, bí ẹ̀rọ bá gbọ̀n títí, kò ní tú. Ó fi wọ́n de ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kò sì mì mọ́. Inú màmá mi dùn, ó mú èyí tó ṣẹ́ kù, ó fi de páìpù èéfín, kò sọ fún bàbá mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, páìpù yẹn já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbóná janjan. Ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó pọn ọmọ ló balẹ̀ sí, ó jó etí ìró rẹ̀. Gbogbo wa kígbe. Màmá mi ò tilẹ̀ wo páìpù, ẹnu ọ̀nà bàbá náà ló gbà lọ. Ó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, Yorùbá ilé wa ló fi ń pariwo mọ́ ọn.

"Ìwọ lo tú u! O fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ol' Ma, I na touch it o!" Bàbá náà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Àwọn èrò ti ń sọ pé kí onílé lé e jáde.

Ọlọ́run ló mú bàbá mi dé. Ó wá nọ́ọ̀tì náà rí nínú eruku. Òrùka funfun yẹn ti yọ́, ó ti dúdú.

"Ta ló fi eléyìí síbi iná?"

Màmá mi ṣì ń nàka sí bàbá náà.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, rọ́bà kì í bá iná gbélé. Ooru ló tú u, kì í ṣe ènìyàn."

Ó fi nọ́ọ̀tì tó jẹ́ kìkì irin, tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ kó lè fún bóòtù, sí ìdí páìpù. Ó sì kìlọ̀ pé olórùka tí a bá ti tú, ká má tún lò ó, òrùka rẹ̀ ti jẹ, kò ní fún bóòtù mọ́.

Ṣé ẹ rò pé màmá mi gbà? Ó fi ọ̀dà èékánná pupa fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara bóòtù, kó lè mọ̀ bí ẹnìkan bá yí i. Àràárọ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà náà kò yẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà. Bàbá ní kó dìde, pé ó ti tán. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí a bá ti tan ẹ̀rọ, ṣe ni bàbá náà á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde sí gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ó fi kó lọ.

Ayé ti yí padà báyìí. Àwọn ọmọ mi ní Paynesville ti fi kámẹ́rà sára ògiri. Bí nǹkan bá bàjẹ́, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kí wọ́n mọ ẹni tó kọjá. Wọ́n ní ó ń fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n fi hàn mí lọ́jọ́ kan. Mo wo àwọn aládùúgbò wa bí wọ́n ṣe ń kọjá níbẹ̀, gbogbo wọn ló jọ olè, títí kan èmi tí mò ń wọlé bọ̀.